Ta Ló Ni Iwe?

Ní ọjọ́ Kérésì ọdún 2018, ní ilé wa ní Kàdúná, ìyá mi gbé ìrẹsì síwájú mi, mo sì rí iwe adìẹ lórí ẹran inú àwo náà. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi àwo gbé ni. Mo wo àwo bàbá mi: itan kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi ò gbójú sókè. Wọ́n ń fi ṣíbí tú ìrẹsì wọn kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Kérésì náà tó dé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti wú, ó pọ́n, ó sì ń ta wọ́n débi pé aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án lóru. Dókítà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ní gout ni. Ó ní kí wọ́n jìnnà sí bíà, kí wọ́n sì dín ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti iwe kù gidigidi, nítorí pé èròjà kan tó ń jẹ́ purine pọ̀ nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀. Bí ara bá lo purine tán, uric acid ló ń dà. Bí èyí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á lọ dì sí oríkèé ara bí ìgò tí a lọ̀ kúnná, ibẹ̀ á sì máa jó ènìyàn bí iná. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń jẹ iwe láti ọjọ́ tí wọ́n ti di baálé, gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́. Iwe kúrò nínú àwo wọn. Èmi ni àkọ́bí, èmi sì ni ọkùnrin, inú àwo tèmi ló wá bọ́ sí.

N ò lè jẹ ẹ́. Mo fi ìrẹsì bò ó, mo jẹ yípo rẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn sì dìde, mo gbé e lọ fún àbúrò mi obìnrin nínú ilé ìdáná. Ó wò mí lójú. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ò mọ̀ pé tiyín ni?" Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bàbá mi ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì jókòó sórí àga wọn, iwe wọn sì ti dé ọwọ́ mi.

Nílé Yorùbá, ọmọ tí kò tíì lè ka iye ọdún ara rẹ̀ ti mọ ẹni tó ni iwe. Adìẹ ní itan méjì, apá méjì, ẹsẹ̀ méjì. A lè fi ìwọ̀nyẹn parí ìjà láàárín àwọn ọmọ. Iwe kan ṣoṣo ló ní. Orí adìẹ náà kan ṣoṣo ni lóòótọ́, àmọ́ egungun ló kún inú rẹ̀, ọmọdé la sì máa ń sọ ọ́ sí kó fi ṣeré lẹ́nu. Iwe kò ní egungun, kò sì lọ́ràá nínú. Ẹran ni látòkè délẹ̀, ẹran tó yi, tí ènìyàn máa rún lẹ́nu títí tí adùn rẹ̀ ò ní tán. Ní ilé tiwa, ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé fún wa rí. Adìẹ jinná, iwe lọ sọ́dọ̀ bàbá, ó parí.

Kakuri ni a ń gbé nígbà náà, lápá gúúsù Kàdúná, nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀dọ́, wọ́n wá ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń hun aṣọ. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n sì ń sin adìẹ ìbílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Àwọn adìẹ náà kì í dúró sójú kan: wọ́n á jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa Háúsá tó ń fẹ́ ọkà bàbà, wọ́n á ṣa èyí tó bá dà sílẹ̀, wọ́n á ṣa èèrà, wọ́n á ṣa yanrìn, wọ́n á tún gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì lé e lórí. Bí ọdún bá dé, èmi ni mo ń pa adìẹ, èmi ni mo ń tú inú rẹ̀. Ìyẹn ni pé èmi, tí n ò gbọdọ̀ jẹ iwe, ni mo mọ iwe jù nínú ilé yẹn.

Iwe adìẹ ìbílẹ̀ tóbi, ó le, ó rí bí òkúta tí odò ti fọ̀, ọ̀rá díẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ènìyàn kì í fi ọ̀bẹ gé e sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Etí rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀bẹ máa tẹ̀ lé, díẹ̀díẹ̀, títí á fi ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni bí ìgbà tí a bá ṣí ìwé. Yanrìn àti òkúta á dà jáde, àgbàdo tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ á tẹ̀ lé e, ewéko tó ti di ẹ̀tù náà á jáde. Lẹ́yìn tí o bá ti fi omi ṣàn án, awọ kan á kù nínú, àwọ̀ ìyeyè, ó gbẹ, ó hun jọ. Èékánná ni mo fi ń gbá etí awọ yẹn mú. Bí ọwọ́ bá fà á dáadáa, á bọ́ lódidi bí ìbọ̀sẹ̀. Bí o bá fi èyíkéyìí sílẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa gbọ́ yanrìn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, mo bá àfọ́kù àwo tánńgaran nínú iwe àkùkọ kan. Búlúù àti funfun ni, kò tó èékánná ọmọ-ìka. Kò sí ẹnu mímú kankan lára rẹ̀ mọ́. Iwe ti lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, tí etí rẹ̀ fi yí roboto bíi súwíìtì tí ọmọdé ti lá dé àárín. Mo fọ̀ ọ́, mo fi pa mọ́ sínú páálí ìṣáná fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn àgbà máa ń wí pé adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu bàbá mi tipẹ́, àmọ́ ọjọ́ tí mo mú àfọ́kù àwo yẹn dání ni mo tó rí i bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Iwe ni eyín adìẹ. Oúnjẹ á kọ́kọ́ dúró nínú àpò tó wà lọ́rùn rẹ̀, á rẹ níbẹ̀. Á gba inú ikùn kékeré kan kọjá níbi tí omi kíkan ti máa dà lé e, lẹ́yìn náà ni á wọ iwe. Iṣan tó nípọn ló yí iwe ká. Òun àti òkúta tí adìẹ gbé mì ni wọ́n jọ ń lọ oúnjẹ náà bí ọlọ, ní ojoojúmọ́ ayé. Onímọ̀ ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Lazzaro Spallanzani, tó gbé ayé láàárín ọdún 1729 sí 1799, mú kí adìẹ gbé ìgò mì, kó lè mọ bí agbára iwe ti tó. Ìgò lọ̀ kúnná, iwe kò fara gbọgbẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, àfọ́kù àwo inú páálí ìṣáná ni mo rántí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ariwo sọ ní Kàdúná. Àrùn lùkúlùkú àwọn ẹyẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní H5N1, ti wọ oko adìẹ kan ní Jaji, lójú ọ̀nà Zaria, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Jaji kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn tó ń ta adìẹ jókòó ti àgò wọn lọ́jà, ẹnikẹ́ni kò bèèrè iye. Ìyá mi tú ilé adìẹ wọn ká, wọ́n fi pákó rẹ̀ dáná, wọn ò sì sin adìẹ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn kò jáde. Adìẹ wá di ohun ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, èyí tí a sì rí rà kéré. Lọ́jọ́ Kérésì kan báyìí, bàbá mi ní kí n mú ọ̀bẹ wá. Wọ́n gé iwe inú àwo wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n fún àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ju ìkẹrin sẹ́nu ara wọn. A dúpẹ́, a dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi obìnrin kúnlẹ̀. Ó dùn mọ́ wa ju gbogbo adìẹ yòókù lọ. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ní kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, ìyẹn ni mo máa ń sọ: ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó gé iwe rẹ̀ sí mẹ́rin.

Ènìyàn márùn-ún la wà nínú ilé yẹn. Ìyá mi wà nínú ilé ìdáná, wọ́n ń ha ìdí ìkòkò. A ń gbọ́ ìró ṣíbí wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò pè wọ́n, ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí n tó ro ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Àbújá ni mo dé tí mo ti kọ́kọ́ rí iwe lọ́pọ̀. Kubwa ni mò ń gbé. Nínú ọjà wa, àwọn tó ń ta ẹran dídì máa ń di iwe sínú ọ̀rá, kílò kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń lé ní ogún nínú ọ̀rá kan. Mo dúró ti fírísà lọ́jọ́ náà, mò ń wò ó. Iwe ogún adìẹ, ogún baálé, nínú ọ̀rá kan tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé. Obìnrin tó ń tà á ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa rà?" Mo rà á.

Mo ba èyí àkọ́kọ́ jẹ́. Mo bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, mo dà á sínú òróró gbígbóná, ó pọ́n dáadáa, ó rẹwà lójú. Kò ṣeé jẹ. Ìyàwó mi rún ẹyọ kan títí, ó fi ọgbọ́n tu ú sínú bébà. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Àkànní, ohun tó ń lọ òkúta, ogún ìṣẹ́jú lo fẹ́ fi sè é? Bu omi sí i, kí o wá ibi jókòó sí."

Gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Iwe kì í ṣe ẹran tó ń sinmi. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni, okùn tó so iṣan náà pọ̀ sì nípọn. Iná kíkankíkan á mú un sún kì, á le sí i. Iná jẹ́jẹ́ pẹ̀lú omi àti àkókò ló ń yọ́ okùn yẹn títí á fi rọ̀. Adìẹ inú àgò, tó jẹ́ pé oúnjẹ lílọ̀ ni wọ́n ń fún un, kò rí iṣẹ́ púpọ̀ fún iwe rẹ̀ ṣe, nítorí náà iwe rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀ ju ti adìẹ ìbílẹ̀ lọ. Èyí tí mò ń rà lọ́jà, mo máa ń fún un ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan. Ti ìbílẹ̀ lè gbà tó wákàtí kan àbọ̀, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kì í wo aago nìkan. Mo máa ń fi fọ́ọ̀kì gún un: bí fọ́ọ̀kì bá wọlé tó sì jáde láì gbé ẹran náà sókè, ó ti tó.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Inú abọ́ ni mo ti ń fọ̀ ọ́, n kì í ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí, nítorí pé omi tó ń ta sókè lára adìẹ tútù á gbé kòkòrò àìsàn ká ibi tí a ti ń gé àlùbọ́sà. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń pa á lára. Àwọn tó ń tà á ti máa ń là á, wọ́n sì ti bọ́ awọ rẹ̀, àmọ́ mo ṣì máa ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Awọ ìyeyè díẹ̀ á ṣì wà níbì kan. Mo máa gbé e kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù, kọ́rì, táìmù, iyọ̀ àti ata rodo kan, láì tíì bu omi. Ara rẹ̀ á sun omi fúnra rẹ̀. Omi yẹn ni mo ń jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára kí n tó bu omi mìíràn tó bò ó, tí màá sì dé e. Bó bá jinná, mo máa sẹ́ omi rẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó bá da omi iwe nù ti da ọbẹ̀ nù. Mo máa wá dín in nínú òróró ẹ̀pà fúngbà díẹ̀, kí ara rẹ̀ ṣáà gbẹ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àmọ́ tí kò tíì rọ̀ ni mo ń gé wẹ́wẹ́ dín. Tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, n kì í lọ̀ wọ́n kúnná, mo máa ń gún wọn gbàgẹ̀dẹ̀, mo máa dín wọn, mo máa bu omi iwe sí i kó ki. Ìgbà tí mo bá ti sọ iná kalẹ̀ ni mo ń da iwe àti dòdò sí i, kí dòdò má baà fọ́. Gizdodo ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, mo máa ń wọ́n yájì díẹ̀ sí i lórí, èyí tí àwọn oní-súyà ń lò, tó ní kúlíkúlí gígún nínú. Àwọn ará ìlú Èkó tó bá jẹ ẹ́ nílé mi máa ń bi mí pé kí ni mo fi sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹnì kan ta èyí tó ti yọ́ tó sì tún dì fún mi rí, lẹ́yìn tí iná ti lọ ládùúgbò fún ọjọ́ méjì. Ọmọ mi ṣu, ó bì, a ò sùn mọ́jú. Èyí tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tí yìnyín pupa sì dì sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bàbá mi kú ní 2021. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, nínú ọyẹ́, ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa, mo sì lọ gbé wọn ní ibùdókọ̀ Kubwa. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ sè. Mo ti ra kílò méjì. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ tán, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n rí abọ́ iwe tútù lórí tábìlì.

"Adìẹ mélòó lo pa?"

"N ò pa adìẹ kankan, Màámi. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀ ni."

Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n fi ìka yí ọ̀kan padà, wọ́n wo inú rẹ̀ bóyá mo bọ́ awọ rẹ̀ dáadáa. N ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo rà á fún, Màámi. Ẹ ti ń sè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, ẹ ò jẹ ẹ́ rí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

N ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n fa àpótí kékeré tí ọmọ mi ń gùn fọ eyín, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ní àwọn ni àbígbẹ̀yìn bàbá tiwọn. Bí wọ́n bá pa adìẹ nílé wọn, bàbá wọn á ti yọ iwe kí adìẹ tó wọ ìkòkò. Wọ́n á fi iyọ̀ ra á, wọ́n á sun ún lórí ẹyin iná, wọ́n á sì pe ìyá mi wá sẹ́yìn ilé. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn. Wọn kì í pín in.

"Mo ti jẹ tèmi nílé bàbá mi," wọ́n wí. "Nígbà tí mo dé ilé bàbá yín, mo bá ẹni tó ni ín níbẹ̀."

Mo bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n.

"Ó dùn mí lọ́dún àkọ́kọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n ṣa iwe mẹ́ta tó tóbi jù nínú abọ́. Wọ́n ní kí n má fi ìyẹn sínú ata mi. A ní àdògán kan níta tí a máa ń fi sun àgbàdo. Mo dáná èédú sí i. Ìyá mi fi ọ̀bẹ ya iwe náà lára ní ìlà-ìlà, wọ́n fi iyọ̀ àti ata gígún pa á, wọ́n tò ó sórí wáyà. Wọn ò kánjú. Wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti rọlẹ̀, wọ́n ń yí i, wọ́n ń fẹ́ èédú, omi ara rẹ̀ ń kán sórí èédú, ó ń dún ṣàà. Ọyẹ́ gbé òórùn rẹ̀ dé ilé kejì. Ọmọ mi sáré jáde wá.

"Màmá Kàdúná, ṣé ó ti jinná?"

"Tiyín wà nínú ilé. Bàbá rẹ ti sè é."

Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá mi mú iwe àkọ́kọ́ lórí iná, wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́nu, wọ́n gé e jẹ. Wọ́n ń rún un. Ó pẹ́.

"Ti bàbá mi yi ju èyí lọ," wọ́n wí.

Mo sọ fún wọn pé adìẹ inú àgò ni, kò gbé òkúta mì. Wọ́n mi orí. Wọ́n mú ìkejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ìkẹta. Mo jókòó tì wọ́n níbẹ̀ títí èédú fi di eérú. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọn ò bù fún mi, n ò sì tọrọ.